Ìyá Ilé, Ẹyẹlé Tí Bàbá Ní Kí N Mú Wá

Láti ìgbà tí Bàbá àgbà ti lọ, ohun kan náà ni àwọn tó ń wá kí wa ní agboolé wa ní Ìlá ń sọ nípa wọn. Wọ́n ní télọ̀ tí kì í yẹ àdéhùn ni wọ́n. Wọ́n ní Bàbá kì í purọ́. Mo ń gbé omi fún wọn mu, mo sì ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé Bàbá pa láyé wọn, èmi ni wọ́n sì pa á fún.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn fúnra wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni ohùn wọn, ìbínú wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn àti ẹyẹlé wọn. Bàbá tó bí mi kú nígbà tí mo ṣì ń rákò, ìyá mi sì lọ fẹ́ ọkọ mìíràn sí Ọ̀rà. Bàbá àgbà ló mú mi lọ sílé kéwú, àwọn ló fi mí sílé-ìwé Mùsùlùmí, àwọn ló sì kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń ka Fátíà láìkánjú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó fi mí sọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀, tó wá rò pé aláìmoore ni mí, kó padà wá ka ibí yìí.

Ẹyẹlé pọ̀ nílé àwọn èèyàn ní Ìlá, ṣùgbọ́n àwọn tó kù kàn ń sìn ín ni. Bàbá ń ṣà á. Funfun ni wọ́n ń wá: funfun láti orí dé ìrù, tí ẹnu rẹ̀ mọ́, tí ẹyinjú rẹ̀ sì dúdú. Ní ọ̀sán Jímọ̀, bí wọ́n bá ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n á bọ́ agbádá, wọ́n á jókòó sórí àpótí níwájú ilé ẹyẹlé tí wọ́n fi pákó kàn mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Èmi á máa gbé àwọn ọmọ ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu ìyẹ́ tán fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á na apá rẹ̀, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí ìyẹ́ àyà rẹ̀, wọ́n á wo ẹnu àti ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Bí wọ́n bá ní "Ilé," ẹyẹ yẹn yóò dúró kó máa bímọ. Bí wọ́n bá ní "Ọjà," a ó tà á. Bí wọ́n bá ní "Ọbẹ̀," Ìyá àgbà, ìyàwó wọn, á nawọ́ gbà á.

Àwọn ọmọ agboolé á ti yí wa ká, wọ́n á máa pariwo "Ọbẹ̀! Ọbẹ̀!" bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà náà kì í dákẹ́.

"Bàbá Ràfíù, gbogbo èyí tó sanra lẹ ń pè ní ilé. Ṣé egungun ni kí n máa sè?"

"Fi ata sí i dáadáa."

"Àti ọkà bàbà tí mo rà fún ògì, àwọn ẹyẹ yín náà lẹ tún ń fi bọ́!"

"Àwọn náà fẹ́ràn ẹ̀ ni."

Ní Jímọ̀ kan, mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè yí ọ̀rọ̀ wọn padà, nítorí ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ràn ẹyẹ kan tí wọ́n ti ní kó dúró, ó fẹ́ kí wọ́n tà á fún òun. Bàbá gbójú sókè wò mí bí ẹni tí mo bi bóyá wọ́n lè yọ rákáà kan kúrò nínú ìrun. Wọ́n ní: "Ohun tí mo bá ti pè ní ilé, ilé ni."

Ohun tó máa ń rú mi lójú ni pé funfun ni wọ́n ń wá, síbẹ̀ wọ́n á máa pe "Ilé" lórí ẹyẹ aláwọ̀ eérú. Mo béèrè. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n na ìgékù aṣọ kan sí mi.

"Òwú wo lo rí lára ìránṣọ yìí?"

"Dúdú, sà."

"Yí i padà."

Mo yí i. Funfun ni òwú tó wà lẹ́yìn.

"Òwú méjì ni ẹ̀rọ yìí fi ń ránṣọ. Ọ̀kan ń bọ̀ látòkè, ọ̀kan ń bọ̀ látìsàlẹ̀. Ẹyẹ náà gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, ó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Tí eérú bá wà níbẹ̀, òun ló máa ń bọ́ sókè. Funfun á wà nísàlẹ̀, o ò ní rí i. Ṣùgbọ́n tí eérú méjì tó ní funfun nísàlẹ̀ bá pàdé, ọmọ kan lè gba funfun lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ìyẹn lo máa wá rí."

"Ẹ ò ṣe máa fi funfun gun funfun nìkan, kẹ́ ẹ sinmi?"

"Ẹ̀jẹ̀ wọn á rọ. Mo ti ṣe é rí ní Ìlọrin, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọmọ wọn ò lè fò. Eérú ló ń fún wọn lágbára."

"Báwo lẹ wá ṣe ń mọ eérú tó ní funfun nísàlẹ̀?"

Wọ́n gba ìgékù aṣọ náà padà lọ́wọ́ mi. "Béèrè ta ló bí i. Béèrè ta lòun náà bí. Má jẹ́ kí ìyẹ́ tàn ẹ́ jẹ."

Kì í ṣe gbogbo ohun tí Bàbá gbà gbọ́ nípa ẹyẹlé ló rí bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n gbà pé bí abo tó ń sàba bá ń wo aṣọ funfun, ọmọ á funfun sí i, nítorí náà wọ́n fi àkísà tẹ́tẹ́rọ́ọ̀nù funfun kọ́ síwájú ilé ẹyẹlé. Nígbà tí wọ́n kọ́ wa nípa irú nǹkan báyìí ní ilé-ìwé girama, tí olùkọ́ wa ń fi ẹ̀wà pupa àti ẹ̀wà funfun ṣàlàyé, mo sọ fún un nípa àkísà Bàbá. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ awò ojú rẹ̀. Mo délé, mo sọ fún Bàbá pé tíṣà ní aṣọ kò lè ṣe nǹkan kan fún ẹyin. Wọ́n wo àkísà náà. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lára."

Bàbá kì í gbà lójú ẹni pé àwọn jẹ̀bi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n dáadáa, ibẹ̀ ni kó wò. Bàbá Mùfú, aládùúgbò wa, máa ń sá kòkó sí iwájú ilé rẹ̀, àwọn ẹyẹlé wa á sì lọ balẹ̀ síbẹ̀.

"Télọ̀, kó ẹyẹ ẹ kúrò lórí kòkó mi!"

"Ẹyẹlé kì í jẹ kòkó."

"Ṣé mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́ ni? Wọ́n ń yàgbẹ́ sí i!"

"Àwọn òyìnbó tó máa rà á ò ní mọ̀."

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Mùfú. Odindi àkókò kòkó ọdún yẹn ni kò fi kí Bàbá, wọ́n á jọ dúró ní sàfù kan náà ní mọ́ṣáláṣí, kálukú á wo iwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan láti pọnmi àlùwàlá, mo sì rí Bàbá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹní kòkó Bàbá Mùfú, tí wọ́n ń ṣa ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ìka kan ẹnu sí mi. "Mo jẹ̀bi," ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kó mọ̀."

Ó yá, kí n sọ ti Ìyá Ilé.

Ológbò ló pa ìyá rẹ̀ nígbà tí kò tíì lájú dáadáa. Funfun ni bàbá rẹ̀. Mo ń fi ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lẹ́nu, mo ń jẹ àgbàdo lẹ́nu mi kí n tó fún un, mo sì fi ìgékù aṣọ Bàbá ṣe ibùsùn fún un nínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, aláwọ̀ eérú ni, pẹ̀lú ìlà dúdú méjì lápá kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lè mú un ní ọ̀sán àfi èmi. Bí mo bá ti dúró lẹ́yìnkùlé tí mo fi ahọ́n ta "tọ̀, tọ̀," á fò wá bà lé mi lápá. Ní Jímọ̀ tí mo gbé e wá síwájú Bàbá, wọn kò tilẹ̀ na apá rẹ̀. Wọ́n ní, "Ilé." Wọ́n tún wá sọ ohun tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n fi oríkì mi pè mí, tí wọn kì í pè àfi tí inú wọn bá dùn: "Àjọkẹ́, tìẹ ni. Òun àtọmọ tó bá bí."

Akọ eérú kan tó ní funfun nísàlẹ̀ ni Bàbá bá mi wá fún un. Ọmọ eérú ni wọ́n kọ́kọ́ bí, wọ́n tún bí eérú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù. Nígbà tó yá ni ọmọ méjì kan yọ tí ẹnu wọn mọ́, tí awọ wọn pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bàbá gbé wọn sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wo ojú wọn nínú oòrùn, wọ́n ní "Alihamdulilahi" lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá àgbà jáde láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá wá gba aṣọ, Bàbá á kọ́kọ́ mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n á ní: "Ọmọ-ọmọ mi ló ni wọ́n."

Bùrọ̀dá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń gbé ní Èkó. Ó gbéyàwó láìsọ fún Bàbá, Bàbá bínú, òun náà bínú, kò sì wá sílé mọ́ fún ọdún mélòó kan. Bàbá kì í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Iléyá ni wọ́n ń rán aṣọ kan tó jẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n á gbé kọ́. Ní Iléyá ọdún tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ Píjó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bùrọ̀dá Ràfíù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Bàbá gbé e dìde, wọ́n mú aṣọ náà wá fún un. Inú mi dùn fún wọn. Mo ń sọ ọ́ níbí kí ó lè yé yín pé mo rí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù àtipàdánù lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹran àgbò ti sú gbogbo èèyàn. Bùrọ̀dá Ràfíù rìn lọ sẹ́yìnkùlé.

"Bàbá, àwọn funfun méjì yìí mà dára o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé tán. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe máa rí lórí òrùlé mi?"

Bàbá wò mí. Mo wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Mú wọn lọ."

Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ìyá wọn ṣì wà, bàbá wọn ṣì wà, àwọn ni yóò tún bí òmíràn. Ọmọ ilé wa ni Bùrọ̀dá. Mo wọlé lọ bá Ìyá àgbà ní ilé ìdáná, mo ń ṣa ewébẹ̀. Ìyá àgbà ti gbé omi kaná. Mo rò pé ti ẹ̀bà ni.

"Àjọkẹ́!"

"Sà!" Mo sáré jáde.

"Lọ bá mi mú Ìyá Ilé wá. Àwọn àlejò fẹ́ rí i."

"Ṣé kí n mú ọkọ ẹ̀ náà, sà?"

"Òun nìkan ti tó."

Mo dúró lẹ́yìnkùlé, mo ta ahọ́n. Ó fò sọ̀ kalẹ̀ látorí páànù, ó bà lé mi lápá, ó sì ń fi ẹnu tọ́ bọ́tìnnì bùbá mi bó ṣe máa ń ṣe. Bí mo ṣe ń gbé e bọ̀, mò ń ro ohun tí mo máa sọ fún àwọn àlejò: pé eérú lẹ ń wò yìí, ṣùgbọ́n òun ló bí funfun. Mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Wọ́n di apá rẹ̀ mú. Wọn kò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Lọ bá Ìyá àgbà gbé omi wá."

Mo gbé omi náà wá. Bí mo ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà ni mo gbọ́ "Bísímílà." Ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mo dúró tèmi ti àwo omi gbígbóná.

Mo ní, "Bàbá, ilé lẹ pè é."

Bùrọ̀dá Ràfíù rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ yìí! Torí ẹyẹlé? Èmi ni mo ní kí wọ́n bá wa pa èyí tó sanra yẹn. Kí ni eléèérí ń ṣe láàárín funfun?"

Bàbá, tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ òwú méjì, tó mọ ẹni tó bí ẹyẹ náà àti àwọn tí ẹyẹ náà bí, kò ṣàlàyé kankan fún ọmọ wọn. Èmi ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n ní: "Ẹyẹ ni."

Àwọn àlejò jẹ ẹ́, wọ́n yin ọbẹ̀. Bàbá kò jẹ níbẹ̀. Mo rí i pé wọn kò jẹ, kò sì tù mí nínú.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ níwájú Ọlọ́hun. Ẹran tí Ọlọ́hun ṣe ní hàláàlì ni, orúkọ Rẹ̀ ni wọ́n sì fi pa á. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ohun gbogbo tí mo ní lábẹ́ òrùlé yẹn, Bàbá ló ni ín. Ká ní wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n sì ní, "Àjọkẹ́, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé, mi ò lè sọ pé rárá fún un," ǹ bá sunkún, ǹ bá sì mú un wá. Ṣùgbọ́n wọ́n fi oríkì mi tàn mí. Nínú gbogbo agboolé, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ẹyẹ náà gbẹ́kẹ̀ lé, ọwọ́ yẹn gan-an ni wọ́n rán.

Mi ò gbé ẹyẹ fún wọn mọ́ ní ọ̀sán Jímọ̀. Wọn kò pè mí, wọ́n pe àwọn ọmọ mìíràn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, akọ eérú náà lọ, kò padà wá. Funfun tó kù ń gun funfun, àwọn ọmọ wọn kò lágbára, òmíràn hu ìyẹ́ tán kò lè fò dé orí ògiri. Bàbá ń jókòó sórí àpótí, wọ́n ń pe "Ilé, ilé," lórí ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀ pé kò ní dúró. Bùrọ̀dá Ràfíù kò wá ní Iléyá tó tẹ̀ lé e. Wọ́n rán aṣọ rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà tí mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ilé ẹyẹlé ti ṣófo. Bàbá ló ń fi owó iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí mi títí mo fi ṣe tán, lẹ́tà tí wọ́n ń ní kí èèyàn bá wọn kọ sí mi kì í sì í parí láìsí "Má fi ìrun ṣeré."

Ní ìsinmi tó kẹ́yìn tí mo bá wọn láyé, wọ́n ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ń fún wọn ní ẹ̀kọ mímu. Ara mi kò gbà á mọ́.

"Bàbá, ṣé ẹ gbàgbé ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹyẹ yẹn lọ́jọ́ yẹn ni?"

Wọn kò béèrè ẹyẹ wo. "Mi ò gbàgbé."

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi lẹ rán, sà? Ẹ̀yin fúnra yín lè dúró dìgbà tó bá wọlé, kẹ́ ẹ mú un."

Wọ́n pa ojú dé. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Wọ́n wá ní: "Tó bá jẹ́ èmi ni mo lọ mú un, mi ò ní lè pa á."

Mo retí pé wọn yóò sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Wọ́n ya ẹnu, ẹ̀kọ ni wọ́n ń béèrè. Mo fún wọn mu tán.

Àwọn ẹni wa tó wà níbi ìsìnkú rántí pé Bùrọ̀dá Ràfíù dé bá wa, ó sunkún ju gbogbo wa lọ. Wọ́n gbé òkú Bàbá síwájú ilé, àwọn ọkùnrin tò sí sàfù, àwa obìnrin dúró lẹ́yìn. Kí wọ́n tó kírun sí wọn lára, Lèmọ́mù yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹnikẹ́ni tí Bàbá bá ṣẹ̀, kó bá wa forí jì wọ́n nítorí Ọlọ́hun." Gbogbo èèyàn dáhùn pa pọ̀ pé, "A ti forí jì wọ́n!" Ohùn Bàbá Mùfú ló ga jù.

Lèmọ́mù ti yíjú padà sí òkú, ó ti gbọ́wọ́ sókè láti kábárà kí ìrun bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ohùn obìnrin kan ṣoṣo dún láti ẹ̀yìn: "Mo forí jì wọ́n." Àwọn kan yíjú wò. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ìbátan ń bi ara wọn pé ta ni, kí sì ni Bàbá ṣe fún un.

Èmi ni. Mo sọ ọ́ nítorí Ọlọ́hun, gẹ́gẹ́ bí Lèmọ́mù ṣe ní ká sọ ọ́, mo sì bẹ Ọlọ́hun kó gbà á, kó fi Alijánnà kẹ́ Bàbá mi. Nítorí Bàbá fúnra wọn, mi ò tíì lè sọ ọ́.